FELIX MENDELSSOHN ÀTI SÍNFÓNÌ TÍ Ó FẸ́ KÍ A FI INÁ SUN

Ní oṣù yìí a fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin kan tí ohùn orin rẹ̀ ń bẹ lẹ́nu gbogbo wa lọ́dọọdún nígbà Kérésìmesì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ nínú wa ni ó mọ orúkọ rẹ̀. Felix Mendelssohn ni orúkọ náà. Ohun tí ó mú wa yàn án ni iṣẹ́ kan tí ó ṣe ní ìgbà èwe rẹ̀ fún ọlá Ìjọ, èyí tí Ìjọ kò lò, tí òun tìkára rẹ̀ sì kọ̀ lọ́mọ, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni lè gbọ́ lónìí lórí àwo orin.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1809 ni a bí i ní ìlú Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì. Júù ni àwọn baba ńlá rẹ̀. Moses Mendelssohn, tí ó bí baba rẹ̀, jẹ́ ọlọ́gbọ́n tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri Yúróòpù. Abraham baba rẹ̀ sì jẹ́ ọlọ́rọ̀ tí ó ń ṣòwò ilé ìfowópamọ́. Ní 1811 wọ́n ṣí lọ sí Berlin, níbẹ̀ ni a sì gbé ṣe ìrìbọmi fún Felix àti àwọn tí ó bá a tan lọ́mọ ìyá ní 1816, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méje. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà ni àwọn òbí wọn tó gba ìrìbọmi. Baba rẹ̀ mú orúkọ mìíràn, Bartholdy, wá sínú ìdílé, ó sì fẹ́ kí ọmọ náà fi í rọ́pò Mendelssohn tí ń jẹ́ orúkọ Júù. Felix bọ̀wọ̀ fún baba rẹ̀ nínú ohun gbogbo, ṣùgbọ́n nínú ọ̀ràn yìí kò gbà. Ó ń jẹ́ orúkọ méjèèjì papọ̀ títí ó fi kú.

Carl Zelter ni ó kọ́ ọ ní orin, ẹni tí ó fẹ́ràn iṣẹ́ Johann Sebastian Bach púpọ̀. Láàárín 1821 àti 1823 ọmọdé yìí kọ sínfónì méjìlá fún àwọn ohun èlò olókùn, a sì ń lo irú orin bẹ́ẹ̀ nínú ilé baba rẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi nígbà tí àwọn àlejò bá pé jọ. Kí ó lè yé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, sínfónì jẹ́ orin gígùn tí kò sábà ní ọ̀rọ̀ nínú, tí a ń pín sí apá mẹ́rin ní ọ̀pọ̀ ìgbà, tí fáyólìn, fèrè, ipè àti ìlù jùmọ̀ ń lù lábẹ́ olùdarí kan. Ní 1824, nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó kọ èyí tí a ń pè ní Sínfónì Kìíní rẹ̀. Fanny, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ní irú ẹ̀bùn kan náà, ṣùgbọ́n ayé ìgbà náà kò fi àyè gba obìnrin láti fi í ṣe iṣẹ́.

Ìyá àgbà rẹ̀ ti fún un ní ẹ̀dà ìwé orin Ìjìyà Olúwa gẹ́gẹ́ bí Mátíù Mímọ́, tí Bach kọ. Bach ti kú láti 1750, àwọn ènìyàn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé iṣẹ́ ńlá náà. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta ọdún 1829 ni ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ogún ọdún yìí darí rẹ̀ ní gbangba ní Berlin. Láti ọjọ́ náà ni ayé ti padà sọ́dọ̀ Bach.

Nísinsìnyí ni a dé ibi tí à ń lọ. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kẹfà ọdún 1530, ní ìlú Augsburg, àwọn ọmọ-aládé ilẹ̀ Jámánì tí wọ́n tẹ̀lé ẹ̀kọ́ Luther gbé Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ wọn síwájú Ọba-ńlá Charles Karùn-ún. Ọ̀ràn yìí kan àwa náà, nítorí pé Àwọn Abala Ìsìn Mọ́kàndínlógójì ti Ìjọ wa mu nínú omi kànga náà. Nígbà tí àjọ̀dún ọ̀ọ́dúnrún ọdún rẹ̀ ń bọ̀ ní 1830, Mendelssohn pinnu láti kọ sínfónì kan fún un. Èéyi dá a dùbúlẹ̀, kò sì parí rẹ̀ títí di oṣù karùn-ún. Àjọ̀dún dé, àjọ̀dún kọjá, a kò lo orin rẹ̀.

Ó gbé e lọ sí Paris. Ní 1832 àwọn olórin Ilé Ẹ̀kọ́ Orin ìlú náà dán an wò, wọ́n sì gbé e tì. Wọ́n ní ọgbọ́n ìwé pọ̀ jù nínú rẹ̀, pé adùn kò tó. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà ni òun fúnra rẹ̀ darí rẹ̀ ní Berlin. Ní oṣù kìíní ọdún 1833, nígbà tí ẹgbẹ́ akọrin tí Zelter fi sílẹ̀ ń yan olùdarí tuntun, ẹlòmíràn ni wọ́n yàn. Àwọn kan gbà pé ìgbà èwe rẹ̀ ni ó fà á, àwọn kan pé ẹ̀jẹ̀ Júù rẹ̀ ni. Ọgbẹ́ náà pẹ́ lára rẹ̀. Kò tún lo sínfónì náà mọ́. Nígbà tí ó di 1838 ó kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pé nínú gbogbo iṣẹ́ òun, òun ni òun ìbá fẹ́ kí a sun níná jùlọ, àti pé kò gbọdọ̀ di títẹ̀ láéláé.

Kí ni ó wà nínú orin tí ó kórìíra tó bẹ́ẹ̀? Ó bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́, àwọn ohùn ń gun ara wọn bí àwọn alùfáà tí ń wọlé ní ìtò, lẹ́yìn náà àwọn ohun èlò olókùn gbé Àmín kan tí ń gòkè lọ sókè, jẹ́jẹ́, èyí tí àwọn akọrin ìlú Dresden máa ń kọ. Lójijì ni ìjà bẹ̀rẹ̀. Ní àárín ogun yìí Àmín náà tún dé, ó sì rọ ju ti ìṣáájú lọ. Apá kejì jẹ́ ijó. Apá kẹta kúrú, ó sì kún fún ìbànújẹ́. Nígbà tí ìbànújẹ́ náà bá dákẹ́ tán, fèrè kan ṣoṣo yóò dá orin Luther lórí Orin Dáfídì 46, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ìjọ tí í dá orin sílẹ̀ ní ibi tí kò sí dùrù, kí àwọn mìíràn tó máa gbè é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní tèmi, ariwo ìpàrí náà pọ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí fèrè yẹn nìkan ni mo ṣe gbà pé àwọn ará Paris kò gbọ́ orin náà dáadáa.

Ìyókù ayé rẹ̀ kún fún iṣẹ́. Ní 1835 ó di olùdarí ẹgbẹ́ Gewandhaus ní Leipzig. Ní 1837 ó fẹ́ Cécile Jeanrenaud, ọmọ òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan, Olúwa sì fi ọmọ márùn-ún jíǹkí wọn. Ìgbà mẹ́wàá ni ó lọ sí Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí Ọbabìnrin Victoria ti gbà á ní àlejò, àti ní Birmingham ni a ti kọ́kọ́ gbọ́ Èlíjà rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1846. Ní 1840 ó kọ orin kan fún ìrántí ẹni tí ó pilẹ̀ iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ó fẹ́ràn ohùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní kò lè bá ọ̀rọ̀ mímọ́ mu láé. Ní 1855 William Cummings fi ohùn náà sí orin Kérésìmesì tí Charles Wesley kọ nípa àwọn áńgẹ́lì, òun ni a sì ń kọ títí di òní. Ẹ kíyè sí i: ìgbà kejì nìyí tí onídàájọ́ yìí yóò dá iṣẹ́ ara rẹ̀ lẹ́bi tí ẹjọ́ náà kò ní dúró.

Fanny kú ní oṣù karùn-ún ọdún 1847, Felix kò sì tún lágbára mọ́. Ó tẹ̀ lé e ní ọjọ́ kẹrin oṣù kọkànlá, lẹ́ni ọdún méjìdínlógójì; ní Berlin ni a sin ín sí, nítòsí rẹ̀.

Ní 1868 ni a tẹ sínfónì náà. Nítorí pé ó pẹ́ kí a tó tẹ̀ ẹ́ ni a ṣe ń pè é ní Ìkarùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣáájú Ìkẹta àti Ìkẹrin. Richard Wagner ti kọ̀wé ní 1850 láti fi kẹ́gàn àwọn Júù nínú orin, kò sì yọ Mendelssohn sílẹ̀. Síbẹ̀ Wagner yìí kan náà lo Àmín Dresden nínú Parsifal rẹ̀ ní 1882, ní àádọ́ta ọdún lẹ́yìn tí a ti gbọ́ ọ nínú sínfónì yìí. Ní 1936, lábẹ́ ìjọba Hitler, a wó ère Mendelssohn tí ó wà níwájú Gewandhaus, a sì fòfin de orin rẹ̀ ní ilẹ̀ náà. Ní 2008 ni a tó gbé ère mìíràn dúró ní Leipzig, nítòsí ìjọ tí Bach ti sìn.

Nínú àwọn tí ó gba orin náà sí àwo ni Arturo Toscanini, ará Ítálì, ẹni tí ó kọ̀ láti lọ darí orin ní Bayreuth ní 1933 nítorí ìwà ìjọba Hitler. Ní 1953, ní New York, ni ó ṣe tirẹ̀, nígbà tí ó ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Líle rẹ̀ kò jọ ti arúgbó. Àwọn àwo mìíràn ti ọjọ́ òní lo ẹ̀dà àkọ́kọ́, nínú èyí tí fèrè ti sọ̀rọ̀ pẹ́ kí ó tó dá orin Luther. Mendelssohn ti gé ibẹ̀ kúrò. Ẹni tí ó bá ń wá a, kí ó bèèrè Sínfónì Àtúnṣe Ìjọ, Ìkarùn-ún. Ó tó bí ìdajì wákàtí.