Joseph Kekuku, ọmọ Hawaii tó fi irin ta gìtá

Ẹni tó bá gbọ́ àwo King Sunny Adé ti ọdún 1982 àti 1983 yóò rántí gìtá kan tó ń fa ohùn gùn bí ẹni tó ń sunkún. Demola Adepoju ló ta á, ṣùgbọ́n Hawaii ni irú gìtá títa bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀.

Ìlú Laie, ní erékùṣù Oahu, ni wọ́n ti bí Joseph Kekuku ní 1874. Nígbà tó wà ní iléèwé Kamehameha ní Honolulu, ó fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ àti ìyarun yọ̀ lórí okùn gìtá, kó tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe irin tó bá a mu. Wọ́n ń dárúkọ àwọn mìíràn tó dán an wò ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n Kekuku ló sọ ọ́ di iṣẹ́.

Ní 1904, ó kúrò nílé lọ sí Amẹ́ríkà. Ó ṣeré, ó kọ́ àwọn ẹlòmíràn, ó sì tún ṣeré káàkiri Yúróòpù. Ìpínlẹ̀ New Jersey ló kú sí ní 1932, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí, ó jìnnà réré sí Laie.

Ohùn irin rẹ̀ dé ilẹ̀ Yorùbá. Díẹ̀ nínú àwọn tó ń jó sí i ló mọ orúkọ rẹ̀.