Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ tó wá ìdí àrùn àwọn ọmọdé

Ọdún 1911 ni a bí Denis Burkitt ní ilẹ̀ Ireland. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 11, ìjàǹbá fọ́ ojú rẹ̀ ọ̀tún. Síbẹ̀, ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, ó sì di oníṣẹ́ abẹ. Ní 1946, ó lọ ṣiṣẹ́ ní Uganda.

Ní 1957, ní ilé ìwòsàn Mulago ní Kampala, wọ́n fi ọmọkùnrin kan hàn án. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà wú lọ́tùn-ún àti lósì, lókè àti nísàlẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ó rí ọmọ mìíràn ní ìlú Jinja. Ojú òun náà wú, kókó sì tún wà nínú ikùn rẹ̀. Burkitt yẹ àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ mìíràn wò. Ó wá rí i pé àrùn kan náà ni: jẹjẹrẹ àwọn ọmọdé ni.

Níbo ni àrùn yìí ń jà? Ní 1961, Burkitt àti dókítà méjì wọ ọkọ̀ láti Uganda títí dé Gúúsù Áfíríkà. Wọ́n rin nǹkan bíi kìlómítà 16 000, wọ́n ń béèrè láti ilé ìwòsàn dé ilé ìwòsàn. Wọ́n rí i pé ibi tí ooru àti òjò pọ̀ sí, tí ibà ẹ̀fọn sì wọ́pọ̀, ni àrùn náà wà. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni Bẹ̀nẹ̀ tiwa náà.

Burkitt mọ̀ pé ọ̀bẹ nìkan kò lè wo àrùn yìí sàn. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó sì dán oògùn wò. Ọ̀pọ̀ kókó náà yọ́, àwọn ọmọ kan sì rí ìwòsàn pátápátá.

Ní 1964, Epstein, Achong àti Barr rí kòkòrò àrùn kan nínú kókó tí Burkitt fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. Burkitt kú ní 1993, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe àrùn náà títí di òní.

Ẹ̀yin òbí ní Parakou àti ní abúlé gbogbo, kókó yìí máa ń yára dàgbà. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ bá wú, bí eyín rẹ̀ bá ń mì nígbà tí kò tí ì tó àkókò, tàbí bí ikùn rẹ̀ bá ń le sí i, ẹ má ṣe rò pé eyín dídùn lásán ni. Ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà yóò gé díẹ̀ lára kókó náà láti yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó lè mọ oògùn tó yẹ. Bí a bá tètè dé, ọmọ lè yè.