Jack Phillips, Oníwáyà Inú Ọkọ̀ Titanic

Gbogbo wa la mọ Titanic. Ẹni tí ò tíì wo fíìmù rẹ̀ pàápàá ti gbọ́ pé ó rì. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bi wá pé ta ló ké sí àwọn ọkọ̀ yòókù lóru ọjọ́ náà, ọ̀pọ̀ wa ò ní lè dáhùn. Jack Phillips ni. Iṣẹ́ ẹ̀rọ inú ọkọ̀ òkun ló kọ́, ìtàn rẹ̀ ni mo sì fẹ́ sọ.

Wọ́n bí i ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 1887 ní Farncombe, nítòsí ìlú Godalming, ní England. John George lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́, Jack ni wọ́n ń pè é. Bàbá rẹ̀ ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù aṣọ, òkè ṣọ́ọ̀bù náà ni wọ́n sì ń gbé.

Nígbà tó parí ilé ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní pósófíìsì Godalming. Ibẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ wáyà. Ẹ bi àwọn bàbá àgbà yín léèrè, wọ́n mọ wáyà dáadáa. Kí fóònù tó kárí ayé, tí èèyàn bá kú tàbí tí wọ́n bá ń pe ẹnì kan wálé kíákíá, wáyà ni wọ́n ń tẹ̀. Kóòdù Morse ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, ìró kúkúrú àti ìró gígùn. S jẹ́ ìró kúkúrú mẹ́ta, O jẹ́ ìró gígùn mẹ́ta. Ó fẹ́ jọ ti àyàn tó ń fi ìlù sọ̀rọ̀: ẹni tí ò bá kọ́ ọ, ariwo lásán ló máa gbọ́.

Lásìkò yẹn, Marconi, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, ti gbé wáyálẹ́ẹ̀sì jáde. Ẹ̀rọ yìí ń ránṣẹ́ láìsí okùn kankan, ìdí nìyẹn tí àwọn ọkọ̀ òkun fi nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa lò ó? Ilé iṣẹ́ Marconi dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Seaforth, lẹ́bàá Liverpool. Jack wọ ibẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 1906, ó sì parí lẹ́yìn oṣù márùn-ún. Kì í ṣe títẹ kóòdù nìkan ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ o. Wọ́n ń kọ́ bí iná mànàmáná ṣe ń ṣiṣẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń wá ibi tí ẹ̀rọ ti bàjẹ́.

Ọkọ̀ Teutonic ló kọ́kọ́ bá lọ. Lẹ́yìn náà, ó ṣiṣẹ́ nínú Lusitania àti Mauretania. Ní 1908, wọ́n gbé e lọ sí Clifden ní Ireland, níbi tí wọ́n ti ń fi wáyálẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí òdìkejì òkun. Ní 1911 ó padà sójú omi. Ní oṣù Kẹta 1912, wọ́n ní kó lọ sí Belfast, kó di ọ̀gá àwọn oníwáyà inú Titanic. Harold Bride, ọmọ ọdún 22, ni igbákejì rẹ̀. Ọkọ̀ náà kúrò ní Southampton ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin. Ọjọ́ kejì ni Jack pé ọmọ ọdún 25.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 12, ẹ̀rọ náà dákẹ́. Ìlànà ilé iṣẹ́ ni pé kí oníwáyà má tú ẹ̀rọ ńlá fúnra rẹ̀, kó lo ẹ̀rọ kékeré títí wọ́n á fi dé èbúté. Jack àti Harold ò gbà. Wọ́n tú u, wọ́n ń wá a ní wáyà-wáyà, títí wọ́n fi rí ibi tó ti jóná. Nígbà tí wọ́n máa ṣe é tán, ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ti fẹ́ mọ́. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 14, iṣẹ́ tí àwọn èrò fẹ́ rán sí àwọn ará ilé wọn ti pọ̀ jọ. Jack ń tẹ̀ ẹ́ lọ ni oníwáyà ọkọ̀ Californian já lù ú, ó ní yìnyín ti dí àwọn lọ́nà. Jack dá a lóhùn pé kó dákẹ́, òun ń ṣiṣẹ́. Èyí ò dáa, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Oníwáyà Californian nìkan ló wà nídìí ẹ̀rọ tiẹ̀ láti àárọ̀, kò sí ẹni tó máa gbà á. Ó pa ẹ̀rọ, ó lọ sùn.

Ní agogo 11:40 alẹ́, Titanic kọlu òkè yìnyín. Kò pẹ́ tí ọ̀gá ọkọ̀, Smith, fi ní kí wọ́n ké fún ìrànlọ́wọ́. Jack tẹ CQD, ó tẹ SOS. Olympic gbọ́ ọ láti nǹkan bí 500 máìlì. Carpathia, tó wà ní nǹkan bí 58 máìlì, yí padà, ó ń sáré bọ̀. Californian sún mọ́ wọn jù ú lọ, ṣùgbọ́n oníwáyà rẹ̀ ti sùn.

Omi ń wọlé, Jack ń tẹ kóòdù. Harold ló bá a so jákẹ́ẹ̀tì ìgbàlà mọ́ra. Smith wá sọ fún wọn pé wọ́n ti ṣe tiwọn, kí wọ́n máa lọ. Jack tún ń tẹ̀ ẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ní agogo 2:20, ọkọ̀ rì. Nǹkan bí 1,500 èèyàn kú, Jack wà lára wọn, wọn ò sì rí òkú rẹ̀. Carpathia kó èèyàn tó ju 700 lọ, Harold sì là. Ní 1914, àwọn ará Godalming ṣí ibi ìrántí kan fún Jack. Ó ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Kò tán síbẹ̀ o. Ọdún 1912 náà ni Amẹ́ríkà ṣòfin pé oníwáyà gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ, kí ẹnì kan sì máa wà nídìí ẹ̀rọ tọ̀sán-tòru nínú ọkọ̀ ńlá. Lóde òní, rédíò GMDSS àti ìwé ẹ̀rí ẹni tó máa lò ó jẹ́ dandan fún àwọn ọkọ̀ ńlá lágbàáyé. Láti 2010 ni wọ́n ti fi ìwé ẹ̀rí ti ẹni tó ń tún iná àti ẹ̀rọ ọkọ̀ ṣe sínú òfin àgbáyé. Ní Nàìjíríà, NIMASA ló ń fún àwọn atukọ̀ ní ìwé ẹ̀rí. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ òkun wà ní Oron, láti 1979.

Àwa tí a wà ní Bìní níbí ò rí òkun, ṣùgbọ́n Sapele, Koko àti Warri ò jìnnà sí wa, ọkọ̀ sì ń wọ ibẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn físíìsì láàárín wa, iṣẹ́ rèé o. Kó kọ́ ọ dójú àmì, kó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Tí ẹnìkejì bá sì ń kìlọ̀ fún un, kó fetí sílẹ̀.

Ó dìgbà kan ná.