Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́

Ìlú Ìkẹ́nnẹ́ ní ilẹ̀ Rẹ́mọ ni a ti bí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ní ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹta, ọdún 1909. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀. Ọdún 1920 ni bàbá náà kú, ìyà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọmọ náà. Ó ṣẹ́ igi tà, ó sì ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ kí ó tó rí owó ilé-ìwé. Nígbà tí ó dàgbà, ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1944, ó kọ́ ìmọ̀ òfin, ó sì di lọ́yà.

Ní ọdún 1952, òun ni ó ṣíwájú ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ní àkókò yẹn, ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò lọ sí ilé-ìwé nítorí àìlówó àwọn òbí wọn. Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pinnu pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yóò jẹ́ fún gbogbo ọmọ. Ṣùgbọ́n owó ńlá ni a fi ń kọ́ ilé-ìwé, tí a sì fi ń san owó oṣù olùkọ́. Nítorí náà, ìjọba bu owó-orí ṣílè 10 àti sísì lé àwọn ará ìlú, fún ètò ẹ̀kọ́ àti ìlera.

Ọ̀rọ̀ yìí bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú. Owó ti jáde lọ́wọ́ wọn, wọn kò sì tí ì rí èrè rẹ̀. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé kò ní sí ọmọ tí yóò bá wọn ṣiṣẹ́ oko mọ́. Nígbà tí wọ́n dìbò sí ilé aṣòfin àpapọ̀ ní ọdún 1954, ẹgbẹ́ Alákùkọ borí ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ tí í ṣe ti Awólọ́wọ̀.

Ì bá rọrùn fún un láti pa ètò náà tì, kí ó lè tètè rí ojú rere àwọn ènìyàn. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹni tí ó gbin kòkó lónìí kò lè ká a lọ́la. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún yẹn, ọmọ tí ó ju 800,000 lọ ni ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ìbò ọdún 1956, àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn dá ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ padà sórí oyè. Nígbà tí ó yá, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà di olùkọ́, dókítà àti ẹnjiníà.

Olóyè Awólọ́wọ̀ kú ní ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù karùn-ún, ọdún 1987. Àwọn àgbà sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá fẹ́ ṣe ìpinnu, ẹ má wo òní nìkan. Ẹ rántí ọ̀la.

Ìbéèrè
1. Kí ni ó bí àwọn ará ìlú nínú?
2. Kí ni ì bá ṣẹlẹ̀ bí Awólọ́wọ̀ bá ti pa ètò náà tì ní ọdún 1954?
3. Sọ ohun kan tí ìwọ ń ṣe lónìí tí èrè rẹ̀ yóò pẹ́ kí ó tó dé.