Paulo Freire, Olùkọ́ Àwọn Àgbàlagbà

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí á sọ ìtàn Paulo Freire fún yín. Ìlú Recife ní ilẹ̀ Bùràsíìlì ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1921. Ilẹ̀ Bùràsíìlì yìí náà ni àwọn baba-ńlá àwọn Àgùdà tó wà ní Porto-Novo ti padà wá.

Abẹ́ igi máńgòrò ní ẹ̀yìnkùlé ni àwọn òbí rẹ̀ ti kọ́ ọ ní ìwé. Ilẹ̀ ni wọ́n fi ṣe pátákó, igi wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ṣe ẹfun. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 13, bàbá rẹ̀ kú. Ìyà jẹ wọ́n. Ní ilé-ẹ̀kọ́, ebi kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ olùkọ́ yé e. Kì í ṣe pé ó gọ̀ o, ebi ni.

Ó kọ́ṣẹ́ agbẹjọ́rò, ṣùgbọ́n kò ṣe é pẹ́. Ó fẹ́ Elza, tí í ṣe olùkọ́, ní ọdún 1944. Lẹ́yìn náà ó ń ṣiṣẹ́ láàárín àwọn òṣìṣẹ́ àti ẹbí wọn.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó sọ̀rọ̀ gígùn fún àwọn òbí pé kí wọ́n má ṣe máa na ọmọ nínà àlùbolẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwé ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ó parí, ọkùnrin kan dìde. Ó bi í bóyá ó mọ irú ilé tí àwọn ń gbé. Ó ní ibẹ̀ há púpọ̀. Ó wá ṣe àpèjúwe ilé Freire fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò dé ibẹ̀ rí: yàrá àwọn ọmọ lọ́tọ̀, ti ìwé lọ́tọ̀. Ó ní ó rẹ Freire lóòótọ́ bí ó bá délé, ṣùgbọ́n ọmọ tó ti wẹ̀, tó ti yó, ló ń bá nílé. Ọmọ tí ebi ń pa, tó ń ké, ni ti àwọn.

Ojú ti Freire. Bí wọ́n ti ń lọ sílé, ó ń ráhùn pé ọ̀rọ̀ òun kò yé wọn. Elza dáhùn pé bóyá òun gan-an ni ọ̀rọ̀ wọn kò yé. Lójú tèmi, obìnrin yìí ló kọ́ olùkọ́.

Láti ìgbà náà, ó ń gbọ́ kí ó tó sọ. Ní ọdún 1963, ní Angicos, òun àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń ràn án lọ́wọ́ fi wákàtí 40 kọ́ nǹkan bí 300 àgbàlagbà ní ìwé. Wọn a jókòó yíká. Wọn a fi àwòrán iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ hàn wọ́n, gbogbo wọn a sọ̀rọ̀ lé e lórí. Ìgbà náà ni wọn a tó mú ọ̀rọ̀ kan jáde. Fún àwọn tó ń kọ́lé, wọ́n lè mú tijolo, èyí tí í ṣe bíríkì ní èdè wọn. Wọn a gé e: ti, jo, lo. Wọn a kà á: ta, te, ti, to, tu. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a sì fi ọwọ́ ara wọn to ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ní Bùràsíìlì nígbà náà, ẹni tí kò mọ̀wé kò lè dìbò. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ìwé yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní ọdún 1964 àwọn sójà gba ìjọba. Wọ́n sọ Freire sí ẹ̀wọ̀n fún nǹkan bí 70 ọjọ́, ó sì sá kúrò nílùú. Ó gbé ní Chile, lẹ́yìn náà ní Geneva. Ó dé Guinea-Bissau pàápàá, ní ilẹ̀ Áfíríkà wa níhìn-ín, láti ràn wọ́n lọ́wọ́ nípa ẹ̀kọ́ àgbà.

Ó padà sílé ní ọdún 1980. Ní ọdún 1985 ni òfin tó gbà pé kí ẹni tí kò mọ̀wé náà dìbò. Freire wá di alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ ìlú São Paulo ní 1989. Ó kú ní ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún ọdún 1997.