John Logan àti Ìbò Àwọn Tó Ti Ogun Dé

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mi ò rí túmọ̀ ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin yìí. Wọ́n fún wa ní àyọkà kan lórí ìtàn Amẹ́ríkà nínú kíláàsì ìtumọ̀, mo sì bá ọ̀rọ̀ náà veteran pàdé nínú rẹ̀. Kíá ni mo kọ ológun tó ti fẹ̀yìn tì. Olùkọ́ wa fàlà sí i nídìí, ó bi mí pé ta ló sọ fún mi pé wọ́n fẹ̀yìn tì. Òótọ́ ni. Àgbẹ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n lọ jagun fún ọdún mẹ́ta, wọ́n sì padà sídìí iṣẹ́ wọn láì tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Àwọn tó ti ogun dé ni mo wá fi sílẹ̀ nígbẹ̀yìn, òun náà ni mo sì máa lò níbí.

Inú àyọkà yẹn ni mo ti kọ́kọ́ rí orúkọ John Alexander Logan. Ọ̀gágun ni, aṣòfin ni, ó sì dupò igbákejì ààrẹ. Ṣùgbọ́n ohun tó mú kí n máa wá ìtàn rẹ̀ kiri ni ìbéèrè kan tí mi ò tíì yanjú tán: ṣé ó sin àwọn tó ti ogun dé ni, àbí ó gùn wọ́n bí ẹṣin?

A bí i ní ọjọ́ 9 oṣù kejì ọdún 1826, ní apá gúúsù ìpínlẹ̀ Illinois, níbi tí ìlú Murphysboro wà lónìí. Dókítà ni bàbá rẹ̀, láti Ireland ló sì ti wá. Íjíbítì ni wọ́n máa ń pe agbègbè yẹn nígbà náà (ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀dá èdè ni mí, irú orúkọ báyìí kì í jẹ́ kí n sùn). Láti àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń lo ẹrú ni ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ ti ṣí wá, ọkàn wọn kò sì tíì kúrò lọ́hùn-ún. Logan bá wọn lọ sí ogun Mẹ́síkò nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó padà wá kàwé òfin ní Louisville, ó gba ìwé ẹ̀rí ní 1851. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, wọ́n ti dìbò yàn án sí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ Illinois.

Níbẹ̀ ló ti ṣe ohun tí kò yẹ kí ẹni tó bá ń sọ ìtàn rẹ̀ fò. Ní 1853, òun ló ṣagbátẹrù òfin tó ní kí ènìyàn dúdú kankan má ṣe wá fi Illinois ṣe ibùgbé. Ẹni tó bá lò ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ, ìtanràn 50 dọ́là ni. Bí kò bá rí i san, wọn á gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí gbàǹjo, ẹni tó bá bá a san owó náà á sì mú un lọ ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìpínlẹ̀ tí òfin kò ti fàyè gba ẹrú ni wọ́n ń pe Illinois! Òfin yìí sọ Logan di olókìkí ní agbègbè rẹ̀. Ní 1858, àwọn ará ibẹ̀ rán an lọ sí ilé aṣojú-ṣòfin ní Washington lábẹ́ ẹgbẹ́ Democrat, wọ́n sì tún un yàn ní 1860, ọdún tí Lincoln di ààrẹ.

Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní 1861, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí Logan máa dúró sí. Àwọn kan ti ń sọ pé Gúúsù ló máa lọ. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ tiẹ̀ lọ dara pọ̀ mọ́ wọn. Ní oṣù keje ọdún yẹn, Logan tí ó ṣì jẹ́ aṣòfin gbé ìbọn, ó bá àwọn ọmọ ogun Michigan jà ní Bull Run, láì sí ẹni tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọmọ ogun. Nígbà tó délé ní oṣù kẹjọ, ó gun orí kẹ̀kẹ́ ẹrù kan ní gbàgede ìlú Marion, ó bá àwọn èrò sọ̀rọ̀. Àwọn tó wá síbẹ̀ pẹ̀lú ìbínú ni wọ́n ń forúkọ sílẹ̀ nígbà tó parí. Báyìí ni rẹ́jímẹ́ntì 31 ti Illinois ṣe bẹ̀rẹ̀, Logan sì ni olórí wọn.

Mi ò ní fi ìtàn ogun náà gùn yín lórí. Wọ́n pa ẹṣin nídìí rẹ̀ ní Belmont. Ìbọn bà á ní Fort Donelson ní oṣù kejì 1862, Mary ìyàwó rẹ̀ sì rìnrìn àjò lọ tọ́jú rẹ̀. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ Vicksburg ní ọjọ́ 4 oṣù keje 1863. Àwọn ọmọ ogun fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n ń pè é ní Black Jack nítorí irun àti ojú rẹ̀ tó dúdú. Ogun Atlanta ni ká dúró sí díẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù keje 1864, wọ́n pa ọ̀gá rẹ̀, McPherson, lójú ìjà. Logan gba ipò náà lójú ẹsẹ̀, ó ń sá ẹṣin láti ìhà kan dé ìhà kejì, ó ń pariwo orúkọ olóògbé náà fún àwọn ọmọ ogun títí wọ́n fi borí. Ó dá a lójú pé ipò náà á dúró sí òun lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Sherman fi Howard sí i, ẹni tó kàwé ológun ní West Point. Lójú Sherman, Logan ṣì jẹ́ òṣèlú.

Ohun tó dùn ún jù láyé rẹ̀ nìyẹn, kò sì gbàgbé rẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti pín ọmọ ogun sí ọ̀nà méjì: àwọn tó fi ogun ṣe iṣẹ́ òòjọ́, tí West Point bí, àti àwọn tó fínnúfíndọ̀ fi oko àti ìsọ̀ sílẹ̀ wá jà. Nígbà tó padà sílé aṣòfin, ó ṣaájú àwọn tó dín iye àwọn ológun àkọ́mọ̀ọ́ṣe kù. Ìwé kan tó kọ lórí àwọn ọmọ ogun afínnúfíndọ̀ jáde ní 1887 lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ó ti yí ẹgbẹ́ padà kí ogun tó parí. Ní ìgbà ìwọ́wé 1864 ó gba ààyè lójú ogun, ó lọ ṣe ìpolongo fún Lincoln ní Illinois. Ní 1866 àwọn Republican gbé e padà sí ilé aṣòfin ní Washington. Ẹni tó ṣe òfin 1853 ló wá di ẹni tó ń jà pé kí ọkùnrin dúdú máa dìbò. Ṣé ọkàn rẹ̀ ló yí ni, àbí ó ti ka iye ìbò? Mo rò pé méjèèjì ni. Ó ti rí àwọn ènìyàn dúdú nínú aṣọ ogun, ó sì mọ̀ pé ẹgbẹ́ òun kò lè dúró ní Gúúsù láìsí wọn.

Ní ọdún 1866 yìí kan náà, ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin, dókítà kan tó ti bá wọn lọ sógun, Benjamin Stephenson, dá ẹgbẹ́ Grand Army of the Republic sílẹ̀ ní ìlú Decatur ní Illinois. GAR ni wọ́n ń pè é. Ìfẹ́ ọmọ ogun sí ara wọn, ìtọ́jú opó àti ọmọ òrukàn, ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọdún ìbò ni, àwọn òpìtàn kan sì gbà pé Logan àti Oglesby tó jẹ́ gómìnà Illinois ni ẹgbẹ́ náà kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ fún. Ní 1868 Logan di olórí gbogbogbòò, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1871.

Ẹ wo bó ṣe lo 1868. Ó wà lára àwọn tí ilé aṣojú-ṣòfin yàn láti lọ rojọ́ mọ́ Ààrẹ Andrew Johnson kí wọ́n lè yọ ọ́ nípò. Ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ó fi àṣẹ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹ̀ka GAR pé kí wọ́n fi òdòdó sí ibojì àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ọjọ́ 30 oṣù náà. Nínú oṣù yẹn kan náà, ní ìpàdé gbogbogbòò àwọn Republican ní Chicago, òun ló dìde láti fa Grant kalẹ̀ fún ipò ààrẹ. Ibojì, ilé ẹjọ́ àti àpótí ìbò, nínú oṣù kan!

Ọjọ́ òdòdó yìí ni Amẹ́ríkà ń pè ní Memorial Day lónìí. Kì í ṣe Logan ló kọ́kọ́ ronú kàn án. Àwọn obìnrin Gúúsù ti ń ṣe irú rẹ̀ fún òkú tiwọn, Mary sì ti rí i nígbà tó lọ sí Virginia. Àwọn ènìyàn dúdú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ní Charleston náà ti kó òdòdó lọ sí ibojì àwọn ọmọ ogun Àríwá ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún 1865, àmọ́ ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí àwọn òpìtàn tó padà rántí wọn. Ohun tí Logan ní tí wọn kò ní ni ẹgbẹ́ tó ní ẹ̀ka káàkiri.

Grant wọlé. Àmọ́ GAR ló san owó rẹ̀. Àwọn tó ti ogun dé tí wọ́n jẹ́ Democrat bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ jáde, nítorí wọ́n jagun náà, wọn ò sì rí ìdí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ dìbò fún Logan. Àwọn alátakò ní gbólóhùn kan péré ni lẹ́tà mẹ́ta orúkọ ẹgbẹ́ náà dúró fún: pé Republican ni gbogbo wọn. Wọ́n fi sínú òfin ẹgbẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lò ó fún òṣèlú, ṣùgbọ́n ta ló máa gbà bẹ́ẹ̀ nígbà tí olórí wọn ń ti orí pèpéle kan bọ́ sí òmíràn? Wọ́n tún gbé ètò onípò kan kalẹ̀ ní 1869 tó pín àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sí ìsọ̀rí mẹ́ta, ìyẹn náà lé ènìyàn lọ. Nígbà tó fi máa di 1876, bíi 27,000 ló kù, nínú àwọn tó ju mílíọ̀nù méjì lọ tó jà fún Àríwá.

Owó ló padà jí ẹgbẹ́ náà. Ní 1879, òfin kan jáde pé ẹni tó fara gbọgbẹ́ lógun lè gba gbogbo owó ìrànwọ́ tó ti tọ́ sí i láti ọjọ́ tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ogun, lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbéèrè ya lu ìjọba bí omi. Àwọn agbẹjọ́rò tó ń gba 10 dọ́là lórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan di olówó. Ọ̀kan nínú wọn, George Lemon, ní ìwé ìròyìn tirẹ̀ tó fi ń ké sí àwọn tó ti ogun dé. GAR bẹ̀rẹ̀ sí í kún padà, torí pé ohun kan wà báyìí tí Democrat àti Republican inú rẹ̀ jọ ń bèèrè. Lójú tèmi, èyí ni Logan kò tètè rí: ẹgbẹ́ tí ìbò rẹ̀ ti wà nínú àpò ẹnì kan, kò sẹ́ni tó máa ń dúnàádúrà pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí GAR ń bèèrè owó, àwọn òṣèlú ẹgbẹ́ méjèèjì ló ń wá a wá.

Logan fúnra rẹ̀ wà nílé aṣòfin àgbà láti 1871. Ó pàdánù ìjókòó náà ní 1877, ó gbà á padà ní 1879. Mi ò lè sọ pé ẹlẹ́tàn ni. Lẹ́tà àwọn ọmọ ogun kì í yé wọlé sí i, ó sì ń jà fún owó wọn. Làkúrègbé tó ti ogun kó kò fi í sílẹ̀. Ní 1884 àwọn Republican fa James Blaine kalẹ̀ fún ipò ààrẹ, wọ́n sì fi Logan ṣe igbákejì, nítorí Blaine kò lọ sógun rí. Cleveland tí wọ́n ń bá du ipò náà kò lọ, owó ló san fún ẹlòmíràn láti lọ rọ́pò rẹ̀. Ẹ ó rò pé àwọn tó ti ogun dé á jáde lọ́pọ̀. Wọ́n jáde, ṣùgbọ́n ní New York, díẹ̀ ju 1,000 ìbò lọ ni Cleveland fi borí, ibẹ̀ sì ni gbogbo ìbò náà ti já.

Logan kú ní Washington ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá 1886, ó jẹ́ ẹni 60 ọdún. Wọ́n tẹ́ òkú rẹ̀ sí ilé aṣòfin. Kò fi ọrọ̀ sílẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló dáwó jọ fún Mary. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn náà tí Cleveland kọ̀ láti fọwọ́ sí òfin owó ìrànwọ́ tí GAR ń bèèrè. Ní 1888 wọ́n dìbò lé e kúrò, Benjamin Harrison tó jẹ́ ọmọ GAR wọlé, òfin náà sì kọjá ní 1890: ẹni tó bá ti lo 90 ọjọ́ nínú ogun náà, tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, ó tọ́ sí owó, bó jẹ́ ogun ló ṣe é bó jẹ́ nǹkan mìíràn. Lọ́dún yẹn, ọmọ ẹgbẹ́ GAR lé ní 400,000. Ní 1891, nígbà tí àwọn ẹ̀ka kan ní Gúúsù ń fẹ́ ya àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dúdú sọ́tọ̀, ìpàdé gbogbogbòò kọ̀ fún wọn. Ọmọ ẹgbẹ́ tó kù gbẹ̀yìn kú ní 1956.

Ère Logan lórí ẹṣin wà ní Washington láti 1901, ní oríta tí wọ́n ń pè ní Logan Circle. Wọ́n ya àwòrán sára ìdí rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń bá àwọn ọ̀gágun gbìmọ̀ ogun. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ń búra gẹ́gẹ́ bí aṣòfin àgbà ní 1879, Chester Arthur tó jẹ́ igbákejì ààrẹ ló sì ń mú un búra. Ṣùgbọ́n ní 1879, Arthur kì í ṣe igbákejì ààrẹ. Ọdún méjì ṣì kù kó tó dé ipò náà.