Ògúndé àti Ilé Sinimá Àdúgbò: Ta Ló Di Kọ́kọ́rọ́ Mú?

Pen Cinema ni àwọn kọ́ńdọ́ máa ń pè bí ọkọ̀ bá ti ń wọ Agége. Afárá tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣí síbẹ̀ ní ọdún 2021 náà, orúkọ kan náà ló ń jẹ́. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ lójoojúmọ́ kò wo fíìmù kankan níbẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Casino ní Yábàá, bẹ́ẹ̀ náà ni ti Scala àti Odeon ní Ìbàdàn. Ilé sinimá ti kógbá sílé, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò tíì kúrò lẹ́nu ará àdúgbò.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí a bá ń sọ̀rọ̀ Olóyè Hubert Adédèjì Ògúndé nínú kíláàsì, ohun tí a sábà máa ń mẹ́nu bà ni pé òun ni bàbá eré orí ìtàgé ní Nàìjíríà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ wò: àjọṣe òun àti àwọn tó ni gbọ̀ngàn. Ẹni tó bá tẹ̀lé apá yìí dáadáa yóò mọ ìdí tí ilé sinimá àdúgbò fi kú, yóò sì mọ ohun tí kò kú nínú rẹ̀.

Ọjọ́ kẹwàá oṣù keje ọdún 1916 ni wọ́n bí Ògúndé ní Òsósà, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde. Inú ìjọ Onítẹ̀bọmi ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ Olúwa, ṣùgbọ́n àwọn tó ń bọ Ifá àti òrìṣà wà nínú ẹbí kan náà. Ọmọ náà gbọ́ orin ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbọ́ ìlù eégún. Ó tẹ̀lé àwọn eléégún alárìnjó nígbà tó wà ní kékeré. Ó kàwé ní Òsósà, ní Èkó àti ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì di olùkọ́, ó tún ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ọdún 1941 ó wọṣẹ́ ọlọ́pàá ní Ìbàdàn. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, wọ́n gbé e lọ sí Ẹ̀bútè Mẹ́tà.

Ẹ̀bútè Mẹ́tà yìí ni ọ̀nà ti là fún un. Ó dara pọ̀ mọ́ ìjọ Aládùúrà kan níbẹ̀, wọ́n sì bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣètò eré olórin tí wọn yóò fi kówó jọ fún ìjọ. Ó kọ eré nípa ọgbà Édẹ́nì àti ìtẹ́ Ọlọ́run, wọ́n sì ṣe é ní Glover Memorial Hall ní Èkó ní oṣù kẹfà ọdún 1944. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí gbọ̀ngàn yìí. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi sinimá han àwọn ará Èkó ní oṣù kẹjọ ọdún 1903. Abẹ́ òrùlé kan náà ni sinimá ti kọ́kọ́ wọ Èkó, ibẹ̀ náà ni Ògúndé ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà náà, kò sí ẹni tó ń rò pé àwọn méjèèjì yóò tún pàdé.

Eré náà dùn mọ́ àwọn ènìyàn débi pé Ògúndé fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ láìpẹ́. Ní ọdún 1945 ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì pinnu pé eré ni òun yóò máa jẹ. Ohun tuntun ni èyí jẹ́. Àwọn alárìnjó ti wà tipẹ́, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó ń san owó oṣù fún òṣèré, tó ń lẹ ìwé ìkéde mọ́ ògiri, tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ẹnu ọ̀nà, kò wọ́pọ̀. Ó fẹ́ kí obìnrin wà lórí ìtàgé, ṣùgbọ́n àwọn òbí kò fẹ́ kí ọmọ wọn di eléré. Ó wá kéde pé akọ̀wé obìnrin ni òun ń wá, ìgbà náà ni wọ́n tó jáde wá. Lẹ́yìn náà ó fẹ́ púpọ̀ nínú wọn níyàwó, ẹgbẹ́ sì di ẹbí. Adésẹ̀wà, ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ òpó nínú iṣẹ́ náà, kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní ọdún 1970.

Eléré tí kò ní ilé eré, inú ọkọ̀ ló ń gbé. Ẹgbẹ́ Ògúndé ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n dé Òkè Ọya, wọ́n kọjá sí Gold Coast. Níbi tí wọ́n bá dé, wọ́n á háyà gbọ̀ngàn ìlú, yàrá ńlá ilé ẹ̀kọ́, tàbí ilé sinimá. Èyí ló jẹ́ kó tètè kọ́ ẹ̀kọ́ kan: ẹni tó di kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn mú ló ni agbára. Nígbà tó fi ìdaṣẹ́sílẹ̀ ọdún 1945 ṣe eré tó pe àkọlé rẹ̀ ní Strike and Hunger, ìjọba amúnisìn fòfin dè é ní Jọ́ọ̀sì. Nígbà tí wọ́n yìnbọn pa àwọn awakùsà ní Enugu ní ọdún 1949, ó gbé eré Bread and Bullet jáde, wọ́n sì fòfin de ìyẹn náà ní Kánò.

Kì í ṣe òyìnbó nìkan ló tì í sẹ́yìn. Ní ọdún 1964, lẹ́yìn eré Yorùbá Ronú, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, ìjọba ọmọ Yorùbá fúnra wọn, fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ ní gbogbo agbègbè náà. Ilé tirẹ̀ ni wọ́n tì mọ́ ọn. Ó fi eré Òtítọ́ Korò dá wọn lóhùn. Ọdún 1966, lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba, ni wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà.

Ní gbogbo àkókò yìí, ilé sinimá àdúgbò wà ní àárín gbùngbùn rẹ̀. Àwọn ará Lẹ́bánónì ló ni púpọ̀ nínú wọn, fíìmù Amẹ́ríkà, ti Íńdíà àti ti Hong Kong ni wọ́n ń fi hàn. Àwọn kan kò ní òrùlé, ojú sánmọ̀ ni wọ́n ti ń wò ó, òjò á sì lé gbogbo èrò sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Owó pọ́ọ́kú ni ọmọ ìṣẹ́ fi ń jókòó síwájú, ẹni tó rí jájẹ á lọ jókòó sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ kò gbọ́ èdè Íńdíà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ orin inú fíìmù náà lórí. Wọ́n ń bá òṣèré sọ̀rọ̀, wọ́n ń kìlọ̀ fún un pé ọ̀tá ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ máa fi ìṣesí yìí sọ́kàn.

Ní ọdún 1972, ìjọba àpapọ̀ ṣòfin pé àwọn òwò kan gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà, òwò ilé sinimá sì wà nínú wọn. Ilé bọ́ sọ́wọ́ ọmọ onílé, ṣùgbọ́n fíìmù inú rẹ̀ kò yí padà, nítorí pé fíìmù tiwa kò tíì pọ̀. Ọdún 1976 ni Àjàní Ògún jáde, tí Ọlá Balógun darí, tí Adéyẹmí Afọláyan, Adé Love, sì jẹ́ òléwájú òṣèré rẹ̀. Èrò pọ̀ débi pé gbogbo àwọn eléré Yorùbá rí i pé ọ̀nà mìíràn ti là.

Ògúndé ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Ẹlòmíràn á ti jókòó jẹun. Òun gbé ẹ̀rọ ayàwòrán lọ sí Òsósà, ó sì fi ìlú ìbí rẹ̀ ṣe ibi tí wọ́n ti ń ya fíìmù. Ọlá Balógun darí Ayé, tó jáde ní ọdún 1979. Jáyésinmi tẹ̀lé e ní 1980, Àròpin N Tènìyàn ní 1982. Nínú Ayé, Ògúndé ni Ọ̀ṣẹ́túrá, babaláwo tó ń bá àwọn àjẹ́ jà. Ohun tí kò ṣeé ṣe lórí ìtàgé ṣeé ṣe nínú fíìmù: ènìyàn yí padà di ẹyẹ lójú ayé, ó sì tún pòórá. Èrò ya lọ wò ó bí omi.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wa ti gbóná. Ẹ̀dà fíìmù kan ṣoṣo, owó gọbọi ni. Òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, ẹ̀dà díẹ̀ ni eléré sì lè ní. Bó bá gbé e fún onílé sinimá, kò ní mọ iye tíkẹ́ẹ̀tì tó tà. Onílé lè sọ pé ìdajì àga ló kún nígbà tí èrò dúró dé ẹnu ọ̀nà. Ẹnìkan sì tún lè jí fíìmù náà dà kọ. Nítorí náà, Ògúndé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ohun tí alárìnjó mọ̀ ọ́n ṣe. Wọn kò gbé fíìmù fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ, wọ́n háyà gbọ̀ngàn, wọ́n fi ènìyàn tiwọn sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ka owó wọn lálẹ́, wọ́n sì kọjá sí ìlú kejì.

Ọgbọ́n ni. Ẹni tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ní Jọ́ọ̀sì, ní Kánò àti ní Ìbàdàn kò ní fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbọ́ ẹjọ́ onílé sinimá náà, nítorí agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ilé rẹ̀ ń fẹ́ fíìmù ní ọ̀sẹ̀ méjìléláàádọ́ta lọ́dún. Fíìmù Yorùbá tó ń jáde lọ́dún kan kò pọ̀, ọjọ́ díẹ̀ ni onífíìmù sì fi ń háyà gbọ̀ngàn kó tó lọ. Fíìmù Íńdíà ló ń bọ́ ọ ní ọjọ́ tó kù. Èrò tó bá wá wo Ayé, owó wọn bá Ògúndé lọ sí Òsósà. Orí fíìmù àjòjì ni ilé náà dúró lé, bí ìyẹn bá yẹ̀, ilé á wó.

Ó sì yẹ̀ lóòótọ́. Láti ọdún 1986 tí ìjọba ti ṣètò ọrọ̀ ajé lọ́tun, náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, fíìmù òkè òkun di ọ̀wọ́n gógó. Tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ fídíò ti wọ inú ilé. Ìbẹ̀rù olè kò jẹ́ kí obìnrin àti ọmọdé fẹ́ rìn lóru mọ́. Bí obìnrin kò ṣe wá mọ́, ilé sinimá di ibùjókòó àwọn ọmọ ìta, èyí sì tún lé àwọn tó kù. Díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń ta ilé náà. Àwọn kan di ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan di ibi ìkẹ́rùsí, wọ́n wó òmíràn kọ́ ṣọ́ọ̀bù.

Ìyà náà kò yọ onífíìmù sílẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló wà láàárín Àròpin N Tènìyàn àti Àyànmọ́, tó jáde ní 1988, tí Ògúndé kò sì tún ṣe fíìmù tirẹ̀ mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ti ní kó wá ṣètò Ẹgbẹ́ Eléré ti Orílẹ̀-èdè nígbà náà. Ó kópa nínú Mister Johnson, fíìmù tí Bruce Beresford darí. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin ọdún 1990, ó papòdà ní ilé ìwòsàn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì gbé e wá sin ní Òsósà.

Kò pẹ́ sígbà náà ni fídíò gba gbogbo ìgboro. Àwọn tó jáde láti inú ẹgbẹ́ alárìnjó ni wọ́n wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ fídíò yàwòrán eré wọn, wọ́n sì ń tà á ní Ìdúmọ̀tà. Ilé sinimá tún padà ní ọdún 2004, nígbà tí Silverbird ṣí tirẹ̀ ní Victoria Island, ṣùgbọ́n inú ilé ìtajà ńlá ló wà, owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í ṣe ti ọmọ ìṣẹ́. Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adé Love, wà lára àwọn tí fíìmù wọn ń pe èrò lọ síbẹ̀. Iṣẹ́ bàbá kò parun lọ́wọ́ ọmọ. Àdúgbò ni kò tíì rí ilé tirẹ̀ gbà padà.

Kí wá ni kò kú? Ìṣesí òǹwòran ni. Lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù ní ìgboro ní alẹ́ Sátidé. Àga onígi ló wà níbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ilé, ẹnìkan jókòó sí ẹnu ọ̀nà ń gbowó, àwọn tó wà nínú ilé sì ń bá agbábọ́ọ̀lù sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó ń gbọ́ wọn. Ilé sinimá àdúgbò nìyẹn, fíìmù ló kù kó wọ inú rẹ̀.

Àwa tí a ń kọ́ nípa eré àti fíìmù yóò jáde láìpẹ́, àwọn kan nínú wa yóò ya fíìmù. A ti kọ́ bí a ṣe ń kọ eré àti bí a ṣe ń darí rẹ̀. Ohun tí ìgbésí ayé Ògúndé ń bi wá ni bí a ó ṣe pín owó ẹnu ọ̀nà, kí òṣèré má baà di ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ, kí onílé náà sì lè rí owó tún òrùlé rẹ̀ ṣe. Ìran rẹ̀ kò rí ìdáhùn sí i, ohun tó sì wó Pen Cinema nìyẹn ju àìfẹ́ràn sinimá lọ.